Aago ni wọ́n fi ń wọn quasar: 3C 273 lókè Àgbádárìgì

Ní àárín oṣù kẹrin, tí aago bá ti ń lọ sí méjìlá òru, quasar (àárín gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, tó jìnnà tó sì mọ́lẹ̀ gan-an) tí wọ́n ń pè ní 3C 273 máa ń gba òkè Àgbádárìgì kọjá. Díẹ̀ ló kù kó gba àtàrí gan-an: dígírì 4.4 péré ló fi yà sí gúúsù. Ní London kì í ga ju dígírì 41 lọ. Ojú lásán kò lè rí i, nítorí magnitude rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12.9, bẹ́ẹ̀ ojú tó mú dáadáa kì í kọjá 6 níbi tí kò sí iná rárá. (Lórí òṣùwọ̀n yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù; ìyàtọ̀ 5 jẹ́ ìlọ́po 100.) Síbẹ̀, tẹ́lískóòpù tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan, tó láti wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ìdá 1 nínú 100. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe eré. Ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà kéré débi pé kò sí tẹ́lískóòpù kan ṣoṣo tó lè fi ìbú rẹ̀ hàn wá. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń lọ sókè sódò, àti iye ọjọ́ tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ni rúlà tí a ní lọ́wọ́.

Orúkọ rẹ̀ wá láti inú àkójọ kẹta tí wọ́n ṣe ní Cambridge nípa àwọn ohun tó ń ta ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Òun ni nọ́ńbà 273 níbẹ̀. Ní 1962 òṣùpá kọjá níwájú rẹ̀. Cyril Hazard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹ́lískóòpù rédíò Parkes ní Ọsirélíà ṣọ́ ìṣẹ́jú-àáyá tí ìgbì náà pòórá àti ìgbà tó padà yọ, wọ́n sì fi ìyẹn mọ ojú ibi tó wà. Maarten Schmidt wá lo tẹ́lískóòpù mítà 5 ti Palomar láti pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀. Ní 1963 ló rí ojútùú rẹ̀: ìlà haidirójìn lásán ni àwọn ìlà (àwọn àwọ̀ kan pàtó tó tàn ju ìyókù lọ) tó ń da gbogbo èèyàn láàmú, àmọ́ gbogbo wọn ti sún sí apá pupa ní ìdá 15.8 nínú 100. Èyí tó yẹ kó wà ní nánómítà 486 wà ní 563. Ohun tí wọ́n pè ní ìràwọ̀ wá di ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, ní 1943, Carl Seyfert ti kọ̀wé nípa gálásì mẹ́fà tí àárín wọn mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìlà ìmọ́lẹ̀ wọn sì fẹ̀ gan-an. Ẹbí kan náà ni àwọn àti quasar. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé àárín quasar mọ́lẹ̀ débi tó fi bo gálásì tó gbé e ró mọ́lẹ̀.

Kí ló wá lè tan ìmọ́lẹ̀ tó báyìí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò kọjá, wọ́n á kàn sọ pé "ihò dúdú ni" (ohun tó wúwo tó sì há débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀), wọ́n á sì máa lọ. Ó sàn kí èèyàn fi ìṣirò dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kò le.

Ẹ jẹ́ ká mú quasar kan tó ń tú 10³⁹ wáàtì jáde. Oòrùn wa ń tú 3.8 × 10²⁶ wáàtì jáde, nítorí náà quasar yìí nìkan tó oòrùn 2.6 × 10¹². Bó bá ṣe pé haidirójìn ló ń jó níbẹ̀ bíi ti inú oòrùn, ìdá 0.7 péré nínú 100 ìwúwo ohun tó jó ló ń di agbára. Ẹ fi 0.007 × c² (c ni ìyára ìmọ́lẹ̀) pín 10³⁹, kí ẹ sọ ìṣẹ́jú-àáyá di ọdún, ẹ ó rí i pé ó gbọ́dọ̀ jó ohun tó wúwo tó oòrùn 25 lọ́dọọdún. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 100 mílíọ̀nù ọdún, ìwúwo bílíọ̀nù 2.5 oòrùn ti kó jọ síbẹ̀, nítorí ìdá 99.3 nínú ohun tó jó kò lọ sí ibì kankan. Donald Lynden-Bell ló tọ́ka sí ìṣòro tó wà nínú èyí ní 1969. Bí ẹ bá kó ìwúwo tó tó bẹ́ẹ̀ sí ojú kan tó há, agbára tí òòfà (gravity, bí ohun tó wúwo ṣe ń fa nǹkan mọ́ra) tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ́ jọ síbẹ̀ ti ju èyí tí haidirójìn lè mú wá lọ. Òòfà ti ṣe iṣẹ́ náà tán kí iná tó dé. Edwin Salpeter àti Yakov Zel'dovich ti sọ irú rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní 1964.

Gáàsì tó bá ń yí ihò dúdú ká kó tó wọlé máa ń fi ìdá tó pọ̀ jù ti haidirójìn lọ fíìfíì ṣe ìmọ́lẹ̀: ìdá 5.7 nínú 100 tí ihò náà kò bá yí, ó sì lè tó 42 tó bá ń yí dé òpin ìyára rẹ̀. Tí a bá fi 10 ṣe ìṣirò, quasar wa kò nílò ju ìwúwo oòrùn 1.8 lọ lọ́dọọdún. Oúnjẹ tí gálásì lè pèsè nìyẹn.

Báwo ni ihò náà ṣe wúwo tó? Ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ti gáàsì sẹ́yìn. Tí ó bá pọ̀ jù, yóò lé oúnjẹ lọ, iná á sì kú. Òpin tí Arthur Eddington ṣírò fún ìràwọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbí náà: 1.26 × 10³¹ wáàtì fún ìwúwo oòrùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í pín 10³⁹. Ihò náà kò lè fúyẹ́ ju 80 mílíọ̀nù oòrùn lọ. Àlà rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti lè jáde mọ́, jẹ́ kìlómítà 3 láti àárín fún ìwúwo oòrùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 240 mílíọ̀nù kìlómítà, nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ìjìnnà ayé sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ lè ti etí kan rẹ̀ dé èkejì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 27.

Aago ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Ẹni tó bá ti wo àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ńlá létí òkun yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Tí ẹni tó wà ní orí okùn bá pariwo pé kí wọ́n fà, tí ariwo náà sì ń ti ẹnu dé ẹnu, ìlà tó gùn yóò pẹ́ kó tó fà tán, ìlà kúkúrú yóò fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà lókèèrè tí kò lè ka orí wọn yóò fi bí àwọ̀n náà ṣe yára wọlé mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Nínú quasar, kò sí ariwo tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà bá yí padà dáadáa láàrin ọjọ́ kan, ibi tó ti ń jáde kò lè fẹ̀ ju ìrìn ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan lọ: bílíọ̀nù 26 kìlómítà, ìlọ́po 173 ìjìnnà ayé sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó ju ti gálásì odindi lọ, láti ibi tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú òfin yìí o. Ó máa ń ṣini lọ́nà fún àwọn blazar bíi BL Lacertae, tí Cuno Hoffmeister kọ sílẹ̀ ní 1929 gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà lásán. Nínú wọn, jet (ìṣàn gáàsì tóóró tó ń tú jáde láti àárín) ń sáré bọ̀ wá bá wa tààrà ní ìyára tó sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń sáré bọ̀ tó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí àkókò dà bíi pé ó kúrú, kí ìmọ́lẹ̀ sì dà bíi pé ó pọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ blazar bá yí padà láàrin wákàtí mélòó kan, kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyára jet náà àti igun tó fi dojú kọ wá.

Èrò kan tún wà tó gbajúmọ̀ tí kò tọ̀nà: pé ihò dúdú ń fa gbogbo nǹkan mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń yí àárín gálásì ká kì í já sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, nítorí yíyí tó ń yí ló gbé e dúró, bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká tí kò já sínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdánù ohun tó ju ìdá 99 lọ nínú yíyí yẹn. Ìfọwọ́ra láàrin gáàsì, pápá mágínẹ́ẹ̀tì, àti gálásì méjì tó bá kọlu ara wọn ló ń gba yíyí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ihò dúdú ńlá fi ń sùn. Tiwa nínú gálásì yìí, Sagittarius A*, wúwo tó mílíọ̀nù mẹ́rin oòrùn, síbẹ̀ ebi ló ń pa á.

Láti inú lọ sóde, báyìí ni ọ̀rọ̀ rí. Àwo gáàsì tó ń yí ká ló súnmọ́ ihò náà jù. Ooru rẹ̀ máa ń tó Kelvin 100,000, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ búlúù àti èyí tó kọjá búlúù ló ń tú jáde jù. (Ihò dúdú kékeré, tí kò ju oòrùn mẹ́wàá lọ, ni àwo rẹ̀ ń gbóná tó Kelvin mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí ihò bá ṣe tóbi tó ni àwo rẹ̀ ń tutù tó, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í retí.) Lókè àwo náà ni gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbóná kọjá ìwọ̀n wà, òun ló ń ta X-ray. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìjìnnà ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, ìkùukùu gáàsì ń sá ní kìlómítà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ló ń ta ìlà tó fẹ̀. Òṣùká eruku yí wọn ká níbi tí ooru ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí Kelvin 1,500, nítorí pé eruku kì í yè níbi tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóde pátápátá, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀, gáàsì tó ń rìn ní kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ní ìṣẹ́jú-àáyá ń ta ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Tí a bá wo òṣùká yìí láti òkè, a ó rí ìlà fífẹ̀, a ó sì pè é ní Seyfert 1. Tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, eruku á bo àárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan la ó rí, orúkọ rẹ̀ á di Seyfert 2. Ẹ̀rí tó dájú jù fún èyí ni èyí tí Robert Antonucci àti Joseph Miller rí ní 1985 nínú NGC 1068, tí àwọn kan mọ̀ sí M77. Seyfert 2 ni, àmọ́ nígbà tí wọ́n ya ìmọ́lẹ̀ tó ti kọlu nǹkan kó tó yà wá sọ́dọ̀ wa sọ́tọ̀, ìlà fífẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá, ẹ̀yìn eruku ló sá sí. Gálásì yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ IceCube ní gúúsù pátápátá ayé kéde ní 2022 pé nǹkan bí 79 neutrino (ègé bíńtín tó ń la ohun gbogbo kọjá) ti wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìwúwo ihò náà, aago la fi ń mọ òun náà. Tí àwo gáàsì bá tàn sí i lónìí, ìkùukùu tó ń ta ìlà fífẹ̀ yóò dúró títí ìmọ́lẹ̀ yẹn á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí òun náà tó tàn sí i. Iye ọjọ́ ìdúró náà, tí a bá fi ìyára ìmọ́lẹ̀ sọ ọ́ di ìjìnnà, ni R. Fífẹ̀ ìlà náà ló ń fún wa ní ìyára, V. Ìwúwo wá jẹ́ f × R × V² ÷ G, níbi tí G dúró fún nọ́ńbà òòfà tí kì í yí padà, tí f sì dúró fún bí ìkùukùu náà ṣe tò. f sábà máa ń wà láàrin 4 sí 5. Roger Blandford àti Christopher McKee ló fi ẹsẹ̀ ọ̀nà yìí múlẹ̀ ní 1982. Ká ní ìdúró jẹ́ ọjọ́ 10, V sì jẹ́ kìlómítà 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. R jẹ́ mítà 2.6 × 10¹⁴; R × V² ÷ G jẹ́ kílógíráàmù 3.5 × 10³⁷, ìyẹn mílíọ̀nù 17.6 oòrùn. Tí f bá jẹ́ 4.3, ihò náà wúwo tó mílíọ̀nù 75 oòrùn. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni wíwò tó jìnnà síra. Tí ìdúró bá jẹ́ ọjọ́ 10, tí ẹ sì ń wò ó ní ọjọ́ 15 síra, kò sí ìṣirò tó lè gbà yín. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra ló yẹ. Ti 3C 273 gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 2018, ẹ̀rọ GRAVITY tó so tẹ́lískóòpù mẹ́rin pọ̀ ní Chile wọn ìkùukùu rẹ̀ tààrà, ó sì rí nǹkan bí ìrìn ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ 145 àti ìwúwo nǹkan bí mílíọ̀nù 260 oòrùn.

Láti inú ọgbà, ìmọ́lẹ̀ àwo gáàsì nìkan lẹ lè wọ̀n, kì í ṣe ti ìlà. Ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn, òun sì ni ìdajì tó ń jẹ àsìkò jù.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n láti etí òkun

Àgbádárìgì dára fún èyí ju Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lọ, lójú tèmi, nítorí gúúsù rẹ̀. Iná Èkó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ti Porto-Novo àti Cotonou wà ní ìwọ̀-oòrùn, àmọ́ òkun ló wà ní gúúsù, kò sì sí ẹni tó ń ri òpó iná mọ́ inú òkun. Centaurus A, ọ̀kan lára àwọn gálásì tó ní ihò dúdú alájẹkì tó súnmọ́ wa jù, wà ní apá yẹn gan-an: ó máa ń ga tó dígírì 40 lókè omi, magnitude rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 6.8. Ẹni tó wà ní Jámánì kò lè rí i láéláé. Ní Ìkòròdú, ìmọ́lẹ̀ Èkó bo ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kọjá ọ̀sà. Ní Ẹ̀pẹ́, ìwọ̀-oòrùn ni ti Èkó, iná ilé-iṣẹ́ ìfọpo tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí sì ń mọ́ gúúsù, àmọ́ àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀ ṣókùnkùn dáadáa. Fún 3C 273 tó ń gba àtàrí, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tó. Tí iná ìjọba bá lọ, ẹ dúpẹ́, títí aládùúgbò á fi tan jẹnẹrétọ̀: èéfín rẹ̀ àti bó ṣe ń mi ilẹ̀ burú ju gílóòbù lọ.

Àkókò: M77 máa ń wà lókè ní nǹkan bí méjìlá òru láàrin oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ kò tíì le. Oṣù kejìlá sí ìkejì, eruku láti aginjù lè bo ìràwọ̀ tó ṣú mọ́lẹ̀ pátápátá. 3C 273 ti wà lókè ní ìdájí oṣù kìíní, àmọ́ oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló rọrùn jù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n alẹ́ tó tẹ̀ lé òjò ńlá ni afẹ́fẹ́ máa ń mọ́ jù nínú ọdún, torí òjò ti fọ eruku lọ. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, oòrùn á bò ó, àlàfo á sì wà nínú àkọsílẹ̀ yín, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń wọ́ fún àwọn ará ibí ni ìdúró tẹ́lískóòpù, nítorí orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí àárín ayé ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún. Nǹkan bí dígírì 6.4 péré ni gíga ìràwọ̀ àríwá ní Àgbádárìgì. Àgbọn, ilé àti kùrukùru ń bò ó. Ọ̀pọ̀ ìdúró tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ kò lè rẹlẹ̀ tó dígírì 6.4, èyí tó bá sì lè ṣe é, irin tó ń mú un dọ́gba á máa kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ẹsẹ̀ tó kọjú sí àríwá wọlé kó kúrú, kí ẹ fa méjì tó kù gùn, kí gbogbo rẹ̀ lè dàgẹ̀rẹ̀ síwájú. Kí ẹ sì fi àpò iyanrìn dì í mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú. Fún títọ́ ojú rẹ̀ sí àríwá, ẹ má wá ìràwọ̀ àríwá rárá. Ẹ lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ìràwọ̀ mọ ibi tí tẹ́lískóòpù dojú kọ, tàbí kí ẹ wo bí ìràwọ̀ kan lójú gúúsù ṣe ń yà kúrò láàrin àwòrán, kí ẹ máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí ìdúró tiwọn kàn ń lọ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, ní ìṣòro mìíràn. Bí ohun tí ẹ ń wò bá ṣe súnmọ́ àtàrí tó ni àwòrán yóò ṣe máa yí lójú kámẹ́rà tó. Nígbà tí 3C 273 bá wà lókè pátápátá, ó ń yí ní nǹkan bí dígírì 195 ní wákàtí kan. Àwòrán ìṣẹ́jú kan á yí ní dígírì 3.2, ìràwọ̀ tó wà ní píksẹ́lì 500 sí àárín á sì fà tó píksẹ́lì 28, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní wákàtí méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn, ó ṣì wà ní gíga dígírì 60, àmọ́ yíyí náà ti lọ sílẹ̀ sí bíi dígírì 3.6 ní wákàtí kan. Ìràwọ̀ kan náà kò ní fà ju ìdajì píksẹ́lì lọ. Nítorí náà, ẹ má dúró dé ìgbà tó ga jù. Afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ní dígírì 60 kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ti àtàrí lọ, ìlọ́po 1.16 péré ni.

Yíya àwòrán fúnra rẹ̀ kò ní ariwo. Ẹ fi fíltà V (èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ àwọ̀ ewé kọjá) sí kámẹ́rà aláwọ̀ kan. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà aláwọ̀ púpọ̀ ni, píksẹ́lì aláwọ̀ ewé nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ ya ìṣẹ́jú-àáyá 60 lọ́nà 10 sí 20, kí ẹ kó wọn pọ̀. Láti dé ìdá 1 nínú 100, ẹ gbọ́dọ̀ kó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ju 10,000 lọ láti ara quasar náà, nítorí àṣìṣe tó wà nínú kíkà jẹ́ gbòǹgbò iye tí ẹ kà. Ẹ má jẹ́ kí ìràwọ̀ ìfiwéra kankan dé òkè òṣùwọ̀n kámẹ́rà. Lórí kámẹ́rà bíìtì 16, tó parí sí 65,535, ẹ dúró sí 40,000. Ẹ ya àwòrán 20 pẹ̀lú ìdérí ní ẹnu tẹ́lískóòpù, ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ooru kan náà, láti yọ àbùkù kámẹ́rà kúrò. Ẹ tún ya 20 ti ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, láti yọ òjìji eruku tó wà lórí dígí kúrò. Ilẹ̀ ń tètè ṣú níbí ju ti àwọn tó kọ ìwé ìlànà lọ: ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ní, nítorí náà kí gbogbo nǹkan ti wà ní ìdúró kí oòrùn tó wọ̀.

Àwòrán ojú ọ̀run pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ ìfiwéra wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ kàn tẹ orúkọ "3C 273" síbẹ̀. AstroImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń ka ìmọ́lẹ̀. Ká ní ìràwọ̀ ìfiwéra tí magnitude rẹ̀ jẹ́ 12.60 fún yín ní 60,000, tí quasar fún yín ní 48,000. Ẹ mú 48,000 ÷ 60,000, ìyẹn 0.8, −2.5 log 0.8 jẹ́ 0.24, magnitude quasar jẹ́ 12.84. Ẹ máa ṣe ìṣirò kan náà fún ìràwọ̀ kejì tí kì í yí padà, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò. Tí òun bá mì ju 0.02 lọ láti alẹ́ kan sí èkejì, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ wà: ìkùukùu fẹ́lẹ́ tó bo apá kan àwòrán, ìrì lórí dígí, tàbí ìràwọ̀ ìfiwéra tó pupa jù. Ti àwọ̀ yìí ló máa ń fara pamọ́ jù. Búlúù ni quasar. Ìràwọ̀ pupa máa ń dín kù ní ọ̀nà mìíràn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń nípọn sí i, ẹ ó sì rò pé quasar ló ń yí padà.

Ìrì ni ọ̀tá etí omi. Dígí ń fún ojú ọ̀run ní ooru rẹ̀ títí á fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, omi á sì dì lé e láàrin wákàtí kan. Ẹ fi bẹ́líìtì agbóoru oníná fólíìtì 12 yí ẹnu rẹ̀ ká, dígírì kan sí méjì ti tó. Tí ẹ bá mú un gbóná jù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa mi àwòrán. Ẹ má nu dígí gbẹ, ní pàtàkì lẹ́yìn atẹ́gùn òkun, nítorí iyọ̀ àti iyanrìn á họ ọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ní sílíkà jẹ́ẹ̀lì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀bu á hù sórí rẹ̀. Ní ti iná: ìdúró ń gba ampere 1, agbóoru 1.5, kámẹ́rà 1.5, kọ̀ǹpútà 3, àpapọ̀ 7. Bátìrì ọkọ̀ 50 Ah kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, nítorí náà wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ni ẹ ní, kì í ṣe méje.

Ẹ kọ àkókò sílẹ̀ ní UT (aago àgbáyé), kì í ṣe aago Nàìjíríà: ẹ yọ wákàtí kan kúrò kí ẹ tó sọ ọ́ di ọjọ́ Julian, ìyẹn kíka ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò. Ọjọ́ Julian ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, torí náà alẹ́ kan kì í já sí méjì. Tí àkọsílẹ̀ 3C 273 yín bá ti dúró dáadáa fún oṣù méjì, ẹ lè gbé NGC 4151 mọ́ ọn: ó ń ga tó dígírì 57 ní àríwá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń yí padà kíákíá ju ti 3C 273 lọ. Gálásì rẹ̀ hàn kedere yí àárín ká, nítorí náà ẹ fi òbìríkítí tó ní ìbú kan náà, nǹkan bí àáyá-igun 10 (àáyá-igun 3,600 ló wà nínú dígírì kan), kà á ní gbogbo alẹ́. Tí ẹ bá ń yí ìbú náà padà, ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ inú gálásì lẹ ó máa kà mọ́ ti àárín.